Ọkọ̀ Tóbi Tán, Èbúté Ò Gbà Á

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó jọ pé àwọn olówó ayé tó ń kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi kì í wo ilé náà títí ọmọ yóò fi dàgbà. Koru, ọkọ̀ onígbòkun tí Jeff Bezos, olùdásílẹ̀ Amazon, kàn, gùn ní mítà 127. Òpó mẹ́ta tí wọ́n ń ta ìgbòkun rẹ̀ sí ga tó nǹkan bí 70 mítà. Kò tíì kúrò níbi tí wọ́n ti ń kàn án tí ọ̀nà tí yóò gbà jáde fi di ariwo.

Ní ìlú Rotterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, afárá rélùwéè àtijọ́ kan wà tí àwọn ará ìlú ń pè ní De Hef. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i. Àárín rẹ̀ ṣeé gbé sókè kí ọkọ̀ lè kọjá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e dé òpin, àyè abẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 mítà lọ. Ó ti pẹ́ tí rélùwéè ti gba orí rẹ̀ kẹ́yìn, síbẹ̀ ìlú kò jẹ́ kí wọ́n wó o. Ìlú tí bọ́ǹbù ogun sọ àárín rẹ̀ di ahoro ní 1940 kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí ìròyìn jáde ní oṣù kejì ọdún 2022 pé wọ́n fẹ́ tú àárín afárá náà nítorí Koru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ẹyin òbu ni àwọn yóò fi kí ọkọ̀ náà bó bá ń kọjá. Ìlú kọ́ ni yóò san owó ìtúpalẹ̀ náà. Bóyá èyí gan-an ló dun àwọn ènìyàn jù: pé ẹnì kan lè kó owó sílẹ̀, kí ó sì ní kí ohun àjogúnbá ìlú kúrò lọ́nà fún òun. Ní oṣù keje, àwọn tó ń kan ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ, lóru, wọ́n fà á gba ọ̀nà tó jìn, láìsí òpó kankan lórí rẹ̀. Ẹyin òbu kò rí ẹni tí yóò bà.

Ó yẹ kí wàhálà parí níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí Koru dé Florida, àárín àwọn ọkọ̀ agbépo àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní Port Everglades ni wọ́n so ó sí, nítorí kò sí ibi ìsokọ̀ ìgbafẹ́ tó lè gbà á nítòsí. Bezos ti ra ilé sí erékùṣù Indian Creek, ní Miami, ní ọdún kan náà. Ilé náà kọjú sómi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti gúúsù bọ̀ níbẹ̀ yóò gba abẹ́ afárá Julia Tuttle, tí àyè abẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 17 mítà lọ. Ilé ń wo omi, ọkọ̀ kò lè dé ẹ̀yìnkùlé.

(Ní oṣù kan náà, àwọn aṣòfin ní Abuja yọ bílíọ̀nù 5 náírà tí wọ́n fẹ́ fi ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún ààrẹ kúrò nínú àfikún ìṣúná, wọ́n sì fi kún owó tí wọn yóò yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ariwo iye owó náà pọ̀ débi pé ìbéèrè ibi tí wọn ì bá so ó sí kò ráyè jáde.)

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó ti Bezos náà kò bọ́ nínú wàhálà yìí. Ní Fort Lauderdale, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ omi gba ẹ̀yìn ilé rẹpẹtẹ, àwọn onílé kan máa ń fi jẹ́tì ẹ̀yìnkùlé wọn háyà. Atukọ̀ tó bá gbọ́n kì í kọ́kọ́ béèrè owó. Yóò béèrè bí omi ṣe jìn tó nígbà tí òkun bá fà, nítorí ọkọ̀ tó léfòó ní àárọ̀ lè jókòó lórí ẹrẹ̀ ní ọ̀sán. Yóò ka gbogbo afárá ojú ọ̀nà. Yóò wò ó bóyá ọkọ̀ ríbi yí padà, àti bóyá iná mànàmáná onílé lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ tó tóbi bí ilé alájà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ojú aládùúgbò. Ẹni tó ra ilé rẹ̀ nítorí àtimáa wo omi kò ní dunnú bí ara ọkọ̀ funfun bá di ògiri níwájú fèrèsé rẹ̀, òfin àdúgbò sì sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀: ó ní ibi tí ọkọ̀ lè yọ dé lójú omi, ibòmíràn kò sì gba kí ẹnikẹ́ni máa sùn sínú ọkọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, ìjì ṣì ń bọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di òpin oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle lágbègbè náà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò kì í sì fẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wà níbẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn a tú okùn, wọn a sì gba ìhà àríwá lọ, jẹ́tì tí wọ́n wá títí kí wọ́n tó rí a sì ṣófo fún nǹkan bí ìdajì ọdún.