Ìwé Ayùn Tí Epo Ti Ta Sí

Bí oorun bá dá lójú mi lóru, ìwé ìtọ́jú ayùn ni mo sábà máa ń ṣí lórí fóònù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Disston Lumberman Handbook, tí ilé-iṣẹ́ Henry Disston tẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Disston, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayùn ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1840. Robert Grimshaw náà gbé ìwé Grimshaw on Saws jáde ní 1880.

Ìwé wọ̀nyí kọ́ni bí a ṣe ń tẹ eyín ayùn kan sọ́tùn-ún, tí a ń tẹ èkejì sósì, kí ojú ọ̀nà tí ayùn ń là lè fẹ̀ ju ayùn fúnra rẹ̀ lọ, kí igi má baà há a mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ayùn róbótó ló ń lé oorun tó kù lọ. Tó bá ń yí, etí rẹ̀ máa ń sáré ju àárín rẹ̀ lọ, ó sì máa ń fẹ́ nà. Bí àárín bá le jù, kò ní gbà fún un. Ayùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, pákó á sì là wọ́gọwọ̀gọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fi ń fi òòlù lu àárín títí yóò fi dẹ̀ níwọ̀n, tí yóò wá fi irin tó tọ́ lé e lórí, kí ó wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ iye eré tí ẹ̀rọ yóò fi yí i. Èyí tí a lù fún eré kan kò bá òmíràn mu. Gbogbo èyí ni ìwé sọ. Bí ọwọ́ yóò ṣe le tó nígbà tó bá ń sọ òòlù kalẹ̀, ìwé kankan kò lè sọ ìyẹn tán.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó ń ya irú ìwé yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fọ ojú ewé rẹ̀ funfun láúláú. Ìlà pẹ́ńsù tí oníṣẹ́ fà sétí ewé, iye tó kọ sí i, àbààwọ́n epo lójú ewé tó ń ṣí lójoojúmọ́: ibẹ̀ ni ọwọ́ yẹn kù sí.

Bébà náà kò sì ní pẹ́ mọ́. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú bébà ìgbà yẹn, ásíìdì inú rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa rún mọ́ni lọ́wọ́. (Igi ti gbẹ̀san lára ayùn.) Kò sì sí ohun tó ní ká dúró: òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ya èyí tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú 1929.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe. Lóòótọ́, wọ́n ti fi iná sọ eyín ọ̀pọ̀ ayùn ọwọ́ tí à ń rà lónìí di líle. Ńṣe ni fáìlì ń yọ̀ lórí rẹ̀, bí kò bá sì mú mọ́, a ó jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Èkó tàbí Oǹdó, ẹ béèrè sọ́ọ̀ dókítà, ẹni tó ń tọ́jú ayùn ńlá. Ta ló ń ju ayùn ńlá bẹ́ẹ̀ nù?

Bí bàbá yín bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí ìwé ẹ̀rọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ látewé dé ewé kí ẹ tó tà á fún ẹlẹ́pà. Ẹ má sì nu epo ara rẹ̀.