Irin Bákónì ní Bouaké

Kìlómítà bíi 350 ni láti Àbíjàn dé Bouaké ní Kódífúà, ọ̀nà márosẹ̀ wọn sì dán.

Irin ara ilé àtijọ́ ni mo bá lọ. Ọdún 1912 ni ojú irin ọkọ̀ rélùwéè dé Bouaké, òun ló sì ń kó ẹrù tó bá ti òkè òkun dé lọ sí àárín orílẹ̀-èdè náà. Kí ó tó dé rárá ni wọ́n ti ń kó irin ilé wọ Kódífúà: ààfin gómìnà ní Grand-Bassam, tí wọ́n kọ́ ní 1893, Faransé ni wọ́n ti ṣe egungun irin rẹ̀ kí wọ́n tó wá tò ó pọ̀ létí òkun.

Ní àdúgbò Commerce ni mo ti bá Màmá kan pàdé, ọmọ Èjìgbò tó ń ta aṣọ. Ta ni ò mọ̀ pé Kódífúà ti di ilé kejì fún àwọn ará Èjìgbò? Bí mo ṣe ní, "Ẹ kú ọjà o, Màmá," ló ti fa àpótí sún mọ́ mi. Ó bu àtìkẹ́ (oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ibẹ̀) àti ẹja dídín fún mi kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Irin bákónì náà wà lókè orí wa: ewé àjàrà tó lọ́ mọ́ra wọn, òdòdó kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà, ó ń ṣí bí èèpo igi, ṣùgbọ́n níbi tí òjò ò dé, ọ̀dà àwọ̀ ewé ti àtijọ́ ṣì ń yọjú lábẹ́ èyí tí wọ́n kùn lé e.

Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù ti bẹ Màmá títí pé kó tà á.

"Mo ní wọn ò ní gbé e, ọmọ mi. Abẹ́ rẹ̀ ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ ọjà. Ogun abẹ́lé 2002 bá irin náà níbẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Ó ní kí n gun àga kí n wọ̀n ọ́n. Ọmọ rẹ̀ ló bá mi di téèpù mú.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Irin kì í jóná bíi pákó, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tú, ó sì yá tà. Ní New York, James Bogardus fi irin dídà ṣe ojú àwọn ilé ìtajà kan ní 1849. Wọ́n tú u ní 1971, wọ́n tọ́jú irin rẹ̀ kí wọ́n lè tún un gbé dìde. Ní 1974, olè kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì lọ tà á fún oníirin àlòkù. Ọpẹ́lọpẹ́ àwòrán àti ìwọ̀n tí wọ́n ti gbà sílẹ̀.

Òfin nìkan ò sì tó. Ìjọba ti fi òfin dáàbò bo ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Tinubu, l'Ékòó, láti 1956. Wọ́n wó o ní September 2016.

Ẹ̀yin tí ilé bàbá yín ní irú irin bẹ́ẹ̀, ní Èkó, ní Porto-Novo, ní Saint-Louis, ẹ dúró níwájú rẹ̀ gan-an kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí téèpù wà nínú fọ́tò náà. Ẹ ya ibi tí bóòtù ti dè é mọ́ ògiri, ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ tó dà á lára rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti àdírẹ́sì sí i. Tó bá jẹ́ Èkó ni, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún ẹgbẹ́ Legacy 1995, àwọn tó tún ilé Jaekel ṣe ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta.