Àdín, Àgbàdo àti Orí Ọmọ Tuntun

Ní agbo ilé wa ní Idigny, nílẹ̀ Kétu, ìyá mi ni wọ́n ń pè bí ẹnikẹ́ni bá bímọ. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan omi wò bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ tèmi ni kí n mú igbá omi dání, kí n máa dà á díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ní kí n dà á. Orí ló máa ń fi parí. Ibẹ̀ sì ni ọmọ máa ń ké sí jù, torí pé bí ìfófòó ọṣẹ bá ti ṣàn dé ojú rẹ̀, igbe ni. Ìyá mi á fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, á máa kì í ní oríkì títí á fi dákẹ́.

Mi ò gbàgbé igbe yẹn. Òun ló mú kí n máa ro ọ̀rọ̀ ohun tí à ń fi wẹ orí ọmọ láti ọjọ́ yìí wá.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń se ọṣẹ náà. Akoto ni àwọn Fọ̀n aládùúgbò wa ń pè é. Ọṣẹ dúdú ni àwọn ará òdìkejì ẹnubodè, ní Ìmẹ̀kọ títí dé Abẹ́òkúta, mọ̀ ọ́n sí. Á sun ìdì ẹyìn tí a ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀, á jọ eérú rẹ̀, á dà á sínú ìkòkò tó lu ihò sí nídìí, á wá máa wọ́n omi lé e lórí. Ohun tó ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Á gbé àdín kaná, á da omi eérú náà sí i, á máa rò ó títí á fi dì. Ojú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi eérú le tó, á fi ìka kàn án sórí ahọ́n, á tutọ́ dànù, á sì sọ iye igbá omi tó kù tí a ó tún dà. Mi ò rí i kó ṣì í rí.

Ọṣẹ dáadáa ni. Gbogbo ilé la fi ń wẹ̀ tí a bá ti oko dé, kò sì sí ẹni tí ara rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ara àgbàlagbà yàtọ̀ sí ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pH, láti òdo dé 14. Omi lásán wà ní 7, ohun kíkan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi eérú àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lókè. Awọ ara àgbàlagbà kan díẹ̀, ó wà ní nǹkan bíi 5.5, kíkan yẹn sì jẹ́ ara ohun tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àìrí ráyè wọlé. Awọ ọmọ tuntun sún mọ́ 7 lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó wálẹ̀ débi tó yẹ. Awọ náà tín-ín-rín ju tiwa lọ, kì í tètè di omi inú rẹ̀ mú. Ọṣẹ wà ní 9 tàbí 10. Bí a bá ń fi í wẹ orí ọmọ lójoojúmọ́, ńṣe là ń dá awọ tó ń gbìyànjú àtiwálẹ̀ padà sókè.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń po ṣáńpù ọmọdé, mo rò pé mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Mo bu akoto ìyá mi sínú omi, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí agbára eérú lè rọlẹ̀. Ọṣẹ náà dì bíi wàrà tó bàjẹ́, ọ̀rá sì léfòó sókè. Ohun kíkan ti tú ohun tí eérú so pọ̀, àdín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àdín padà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò sí bí ọwọ́ ẹni tó ń se ọṣẹ ṣe lè mọ́ tó, a kò lè mú ọṣẹ wá sí ìwọ̀n awọ ọmọdé. Bó bá ti wálẹ̀ débẹ̀, kì í ṣe ọṣẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Orí òkè tó tẹ́jú ni ilẹ̀ Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ sì jìn púpọ̀. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kí a máa gbe omi òjò sínú ìkòkò àti kòtò oníṣìmẹ́ǹtì, kí a sì máa ṣọ́ ọ lò títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi parí. Igbá omi méjì ni ìyá mi fi ń ṣan ara ọmọ. Ọṣẹ tó gba omi púpọ̀ kó tó kúrò lórí kò bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu, torí èyí tó bá ṣẹ́kù sábẹ́ irun àti sí kọ́lọ́fín ọrùn á wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ohun tí kì í ṣe ọṣẹ ló kù tí a lè fi wẹ orí ọmọ. Ní ọdún 1953 ni ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson ti Amẹ́ríkà gbé ṣáńpù ọmọdé jáde, tí wọ́n ní kì í ta ojú. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oògùn ni wọ́n fi pa ojú ọmọ kú tí kò fi mọ̀ ọ́n lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí a máa ṣù pọ̀ nínú omi bí oyin ṣe ń ṣù mọ́ ẹ̀ka igi. Àwọn tó le, bíi sodium lauryl sulfate, ṣùṣù kéékèèké ni wọ́n ń ṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dá rìn káàkiri. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń wọ inú awọ àti ojú. Àwọn tó rọ̀ ń ṣù ní títóbi, wọ́n sì ń di ara wọn mú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ráyè wọlé. Ẹni tó ń po ṣáńpù ọmọdé, bí yóò ṣe mú kí oyin náà dúró lórí ẹ̀ka ni gbogbo làálàá rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó rọ̀ yìí ni decyl glucoside. Emil Fischer, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1893. Ọdún 1992 ni ilé-iṣẹ́ Henkel tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ tí mo ka ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ọ̀rá àgbọn tàbí ti ekùrọ́ ni, pẹ̀lú ṣúgà tí wọ́n yọ lára àgbàdo. Àdín àti àgbàdo! Ohun méjì tí kì í wọ́n nílé wa. Àdín kan náà tí ìyá mi ń rò pọ̀ mọ́ omi eérú lẹ́yìn ilé ni àwọn ẹlòmíì ń so mọ́ ṣúgà àgbàdo nínú ẹ̀rọ, ti ìyá mi ń mú ọmọ ké, tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ìrètí wà nínú rẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n bí decyl glucoside ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ dé nínú kẹ́ẹ̀gì, pH rẹ̀ ń lọ sí 12. Omi eérú gan-an ni! Ẹni tó bá gbọ́ pé ohun pẹ̀lẹ́ ni, tó wá bù ú sórí ọmọ bẹ́ẹ̀, ewu ló bù lé e. Citric acid, èyí tó ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ni mo fi ń mú un wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bébà ìdánwò lọ́wọ́ kan, ṣíbí lọ́wọ́ kejì. Ṣáńpù tèmi kì í dì bíi ti akoto. Ó ń fara gba kíkan náà. Níbi 5.5 ni mo ti ń dúró. Omi ojú wà ní nǹkan bíi 7.4, nítorí náà ojú ì bá fẹ́ kí n dúró lókè ju bẹ́ẹ̀ lọ; awọ sì ń fẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. N kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn pátápátá. Òróró olóòórùn dídùn kankan kì í wọ inú tèmi, torí òun wà lára ohun tó ń tètè bá awọ jà jù. Ìyá mi kò fara mọ́ èyí.

"Ọmọ tí kò ta sánsán, ta ni yóò mọ̀ pé wọ́n wẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wẹ̀ ẹ́ mọ̀, mà."

Àṣìṣe mi tó burú jù kò sí níbi pH. Nígbà tí mo kọ́kọ́ po èyí tó dára lójú mi, n kò fi èròjà ìpamọ́ kankan sí i. Mo gbà nígbà náà pé ohun tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ ló ń ba ọmọ jẹ́. Mo rọ ìgò kan fún àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Idigny, mo sì padà sí Kútọnu. Nígbà tí mo tún délé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti rọ ọ́ sínú ìgò omi Possotomè, ó ti bu omi kòtò lé e kó lè pẹ́ lọ́wọ́, ó sì gbé e sójú fèrèsé. Ó ti ṣú, ó ń rùn bí àkísà tí kò gbẹ. Àná ọjọ́ náà ni wọ́n fi wẹ orí ọmọ kẹ́yìn. Orí ọmọ kò ṣe nǹkan kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò sùn lóru ọjọ́ náà. Kòkòrò tó ń hù nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ojú ọmọ.

N kò dá àbúrò mi lẹ́bi. Ẹni tó dàgbà níbi tí omi ti wọ́n kì í fi nǹkan ṣòfò. Èmi ni mo yẹ kí n mọ̀ pé ibi tí ìgò náà ń lọ kò ní fìríìjì, pé wọn ó bu omi sí i, pé oòrùn á pa á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi sodium benzoate àti potassium sorbate sí i ní ìwọ̀n tó kéré, àwọn méjèèjì kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi níbi tó bá kan. Ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ń dúró níbi 5.5, tí n kì í jẹ́ kó gòkè. Ìgò kékeré ni mo sì ń rọ ọ́ sí, èyí tí wọn ó lò tán kíákíá.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni ibi tí a ti ń ra èròjà. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Diethylene glycol, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ló wọ inú rẹ̀ ní ipò propylene glycol, torí pé wọ́n jọra lójú, wọ́n jọra lọ́wọ́, májèlé sì pọ́ọ́kú. Glycerin tí mo ń fi sínú ṣáńpù náà wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi májèlé yìí lú. Ohun tí à ń fi wẹ̀ kò rí bí èyí tí à ń mu, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ a máa lá ọwọ́, omi ìwẹ̀ a sì máa wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé àyẹ̀wò tó bá kẹ́ẹ̀gì náà mu, n kì í rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

  

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá lẹ́yìn ìbí kí a tó wẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó mọ́ tó orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan; ẹni tó po ṣáńpù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá wá ra ṣáńpù, ẹ fi í sínú ìgò tó bá wá, ẹ má bu omi lé e, ẹ sì da èyí tó bá yí òórùn padà nù.

Ìyá mi ṣì ń wẹ ọmọ ní Idigny. Omi nìkan ló fi ń wẹ orí wọn báyìí títí wọ́n á fi pé oṣù kan, lẹ́yìn náà ló ń kán ṣáńpù mi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Akoto rẹ̀ wà nínú igbá lẹ́yìn ilé, tiwa tí a ti oko dé ni.