Oko Màlúù Kò Sí ní Ìkòsì, Kárà Ló Wà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dàgbà ní Texas, ẹ mọ King Ranch ju bí ẹ ṣe mọ Ìkòsì, ilé wa ní Èkó, lọ. Ọdún 1853 ni Richard King dá oko màlúù yẹn sílẹ̀ ní gúúsù Texas, lápá ibi tí Amẹ́ríkà ti ń súnmọ́ Mẹ́síkò. Ó tó 825,000 éékà, ọwọ́ ìdílé rẹ̀ ló sì ṣì wà. Abájọ tí ẹ fi ń bi wá pé níbo ni màlúù bàbá ńlá tiyín wà.

Kò sí. Ilẹ̀ omi ni ilẹ̀ wa. Odò Ògùn ló gba ẹ̀yìn Agílítì, àdúgbò kan nítòsí wa, kọjá lọ sí ọ̀sà, bí wọ́n bá sì ti tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán, àwọn ará ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Láyé àtijọ́, igbó ló bo gbogbo àyíká, eṣinṣin tsetse tó ń fa àrùn sunrunsunrun sì wà níbẹ̀. Màlúù abuké láti òkè Ọya kì í pẹ́ kú síbẹ̀. Àwọn kúkúrú tí kò níké nìkan ló ń fara dà á.

Ṣùgbọ́n bíi ti Texas, ilẹ̀ tiwa náà ní ààlà. Ẹ gba Berger jáde, kí ẹ kọjú sí Ìbàdàn: ẹ ó rí Ìṣẹrì létí odò, níbi tí ìtàn Àwórì ti ní Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre tẹ̀dó sí. Níbẹ̀ ni Èkó ti parí tí ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Kárà wà, ọjà màlúù. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ilẹ̀ rẹ̀, Èkó ló ń jẹ ẹran rẹ̀.

Láti Sókótó, Kébbí àti Adamáwá ni tírélà ti ń kó màlúù wá sí Kárà. Kí ọkọ̀ ńlá tó pọ̀ lójú títì, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kánò ní 1912 ló ń gbé wọn. Bunaji funfun lẹ máa rí jù, Rahaji pupa náà wà. Ẹni tó ni màlúù kì í sábà tà á fúnra rẹ̀. Dìllálì ló ń dúró láàárín òun àti alápatà. Ó mọ àwọn méjèèjì, ó ń gba làádà, ẹnu rẹ̀ ni iye wà.

Ojú ọ̀nà òkè Ọya yìí kan náà ni tòmátò àti ata ń bá dé ọjà Mile 12, nítòsí wa. Nígbà tí Yorùbá àti Hausa jà níbẹ̀ ní Oṣù Kẹta 2016, ìjọba ti ọjà pa. Ní ìparí Oṣù Kejì 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ dúró lókè Ọya, ata sì di góòlù lọ́wọ́ àwọn ìyá yín. Láti ìgbà náà ni mi ò ti dá ẹni tó bá ní kí àwọn Hausa kó kúrò ní àdúgbò Kétu wa lóhùn mọ́. Kí ló fẹ́ fi se ọbẹ̀?

Ẹ má retí agbo màlúù ní títì Ìkòsì o. Òfin Èkó ti ka ìdaranjẹko ní gbangba léèwọ̀ láti Oṣù Kẹsàn-án 2021. Bí ẹ bá dé nígbà Iléyá, a ó jọ lọ ra àgbò ní Kárà. Ẹ má wọ bàtà funfun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí bọ̀dá yín sọ̀rọ̀: tí dìllálì bá fi lè gbọ́ ohùn Amẹ́ríkà yín, àgbò ti gbówó lérí nìyẹn.