Ìrìn-Àjò Wa sí Àwọn Ìlú Ahoro ní Òkè San Juan

Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ti bi wá léèrè ohun tí a lọ wá ní Amẹ́ríkà, tí ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo àwòrán tí a kó bọ̀, kò sí ọ̀kan tí ó fi ilé gíga ìlú ńlá hàn, bí kò ṣe òkè, igi, àti ilé tí ènìyàn kò gbé mọ́. Ìbéèrè náà tọ́, a ó sì gbìyànjú láti dá a lóhùn lónìí.

Ọmọ wa ọkùnrin, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado, ni ó ránṣẹ́ pè wá, àwa àti ìyá rẹ̀, pé kí a wá kí òun. Ó ní bí a ó bá wá, kí ó jẹ́ ní ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, nítorí nígbà náà ni igi ń pàwọ̀ dà lórí òkè. A gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà lọ́kàn wa tí a kò sọ fún un. Ilé tí bàbá wa kọ́ sí abúlé ti wà ní títì láti ọdún mẹ́fà, òrùlé rẹ̀ sì ti ń jò; a fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójúkojú, nítorí ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí tẹlifóònù.

Láti Denver dé Durango lé ní 300 máìlì, odindi ọjọ́ kan ni a sì fi rìn ín. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè ni ó dá Durango sílẹ̀ ní ọdún 1880. Láti ọdún 1882 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ti ibẹ̀ gun òkè lọ sí Silverton, ó sì ń lọ di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni ó ń kó nísinsìnyí, tí kì í kó fàdákà mọ́. Àwa bá mọ́tò lọ ní tiwa, kí a lè máa dúró níbi tí ó bá wù wá.

Bí a ti ń gòkè ni a rí ohun tí ọmọ wa pè wá wá wò. Igi kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní aspen. Èèpo rẹ̀ funfun bí ẹfun, ewé rẹ̀ kò sì tóbi ju owó sílè àtijọ́ lọ púpọ̀. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀sán sì ń kúrú, ohun tí ó sọ ewé náà di tútù yọ̀yọ̀ a máa parẹ́, àwọ̀ wúrà tí ó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ a sì yọ síta. Igi ewé náà pẹlẹbẹ, nítorí náà atẹ́gùn tí kò tó mi iná fìtílà yóò mú kí gbogbo rẹ̀ máa gbọ̀n rìrì, a sì máa dún bí òjò tí ń bọ̀ lókèèrè. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jùlọ ni pé odindi igbó aspen lè jẹ́ igi kan ṣoṣo, nítorí láti orí gbòǹgbò kan náà ni ọ̀pọ̀ ìtì ti ń hù. Ní Utah, ìpínlẹ̀ tí ó bá Colorado pààlà, ọ̀kan wà tí ó gba ilẹ̀ 106 ékà, tí ìtì rẹ̀ sì tó bí 47,000. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ gbọ́ èyí, ó ní, “Ẹbí rere nìyẹn.”

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ya àwòrán, kí ó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fi odindi ọ̀sán kan ṣòfò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ dúró kí ewé wà láàrin ẹ̀yin àti oòrùn, ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì tàn bí gíláàsì fìtílà. Àwọn tí a yà ní ọ̀sán gangan dà bí aṣọ tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí.

Silverton ga ní 9,318 ẹsẹ̀ bàtà sí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àtẹ̀gùn ilé kan péré ni a gùn tí èémí fi ń gé wa. Ìyá àwọn ọmọ ní ẹ̀fọ́rí ní òru náà. Omi àti ìsinmi ni a fi tọ́jú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ a lọ sí itẹ́ òkú wọn tí ó wà lára òkè. Àwọn awakùsà ni ó kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí ó dé Èkó pẹ̀lú nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún kan náà, pa bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará Silverton láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì di dandan láti sin ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ sí ojú kan.

Láti ibẹ̀ ni a gba ọ̀nà erùpẹ̀ tí ó tẹ̀lé odò Animas lọ sókè, máìlì 12, sí Animas Forks. Odò náà mọ́ lójú ní ọjọ́ tí a kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2015, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń yẹ ihò kùsà àtijọ́ kan wò, èyí tí a ń pè ní Gold King, omi ìdọ̀tí tí ó tó bí 3,000,000 gálọ́ọ̀nù tú jáde, odò sì pọ́n bí ọsàn. Ìlú lè kú kí ihò tí ó gbẹ́ má kú. Ní ojú ọ̀nà a kọjá Eureka, níbi tí ìpìlẹ̀ ilé ìlọ̀kúta ńlá kan ti tò lára òkè bí àtẹ̀gùn àwọn òmìrán, tí kò sì sí ilé mọ́ lókè àtẹ̀gùn náà.

Animas Forks ga tó 11,200 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 1873 ni a kọ́ ilé igi àkọ́kọ́ síbẹ̀, nítorí fàdákà. Nígbà tí ó fi di 1876, ilé tó 30, òtẹ́ẹ̀lì wà, ilé ìtajà wà, ilé ọtí àti ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Ní 1883, ènìyàn 450 ni ń gbé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kíyè sí i pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a wí. Bí ewé bá ti ń wọ́, ọ̀pọ̀ wọn a di ẹrù, wọn a sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Silverton. Àwọn tí ó dúró ní ọdún 1884 rí ohun tí ojú ń rí, nítorí ìjì òjò dídì jà fún ọjọ́ 23, òjò náà ga tó 25 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn ènìyàn sì ní láti gbẹ́ ihò bí òkété láti ilé kan dé òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni iye owó fàdákà já. Lábẹ́ òfin kan tí a ṣe ní 1890, ìjọba Amẹ́ríkà ń ra fàdákà púpọ̀púpọ̀. Ní 1893 a pa òfin náà rẹ́, ọ̀pọ̀ ihò kùsà ní gbogbo òkè náà sì tì. Wúrà mú Animas Forks sojí díẹ̀. A kọ́ ilé ìlọ̀kúta ńlá Gold Prince síbẹ̀ ní 1904, ṣùgbọ́n ní 1910 ó tì, ní 1917 a tú u, a sì kó ohun èlò rẹ̀ lọ sí Eureka. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ìlú náà fi di ahoro.

Ilé tí gbogbo àlejò ń yà níbẹ̀ ni ilé William Duncan, tí a kọ́ ní 1879, ilé alájà méjì tí fèrèsé rẹ̀ yọ síta láti iwájú. A wọ inú rẹ̀. Pákó ti dúdú, kò sí gíláàsì, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá. Láti ojú fèrèsé náà a rí òkè, lórí wọn òjò dídì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí fún. Ọmọ wa gbé kámẹ́rà sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ dúró síbẹ̀ kí n yà yín.” A kọ̀. A kò fẹ́ kí a yà wá ní ojú fèrèsé ilé ahoro. Ìyá rẹ̀ wá bi í pé ta ni ó ni ilé náà nísinsìnyí.

“Ìjọba ni ń tọ́jú rẹ̀, Màmá. Wọ́n fún un lágbára kí ó má baà wó.”

Ìyá rẹ̀ ní, “Àwọn tí kò bí ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.”

Kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ títí a fi padà sínú mọ́tò.

Ó yẹ kí a sọ pé ilẹ̀ yìí kò ṣófo kí àwọn awakùsà tó dé. Ti àwọn ẹ̀yà Ute ni. Nípa àdéhùn Brunot ti ọdún 1873 ni a gba òkè San Juan kúrò lọ́wọ́ wọn. Ouray, olórí tí ó bá ìjọba sọ̀rọ̀ nítorí wọn, kú ní 1880. Ní ọdún kejì a lé àwọn ènìyàn rẹ̀, àti Chipeta aya rẹ̀, lọ sí Utah. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ìlú tí a ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn Ute mìíràn ṣì ń gbé ní gúúsù Colorado di òní. Wọn kò fi ilé igi sílẹ̀ lórí òkè náà tí a lè yà.

Ọ̀nà láti Silverton sí Ouray kò tó 30 máìlì, ṣùgbọ́n a kò ní gbàgbé rẹ̀. Otto Mears ni ó la apá Ouray ní 1883, tí ó sì ń gba owó ibodè níbẹ̀. Ọ̀nà náà kọjá ní ibi tí ó ga ju 11,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, láàrin àwọn òkè tí irin inú òkúta wọn ti dípẹtà tí wọ́n fi pupa bí osùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi kò sí irin ààbò ní etí ọ̀gbun, kí ọkọ̀ tí ń wọ́ òjò dídì lè rí ibi dà á sí. Ẹni tí ń ti Silverton bọ̀ ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀gbun sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń pàdé rẹ̀. A ṣàlàyé èyí fún ìyá àwọn ọmọ, síbẹ̀ kò la ojú.

Ní oṣù Máàṣì 1963, oníwàásù kan ń gba ọ̀nà yìí láti Ouray lọ ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ní Silverton, òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Òjò dídì ya láti orí òkè, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní agbègbè kan náà ni ó pa àwọn awakọ̀ tí ń wọ́ òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀kan ní 1970, ọ̀kan ní 1978, ọ̀kan ní 1992. Òkúta ìrántí àwọn awakọ̀ náà wà lẹ́bàá ọ̀nà. A sọ̀kalẹ̀, a ṣí fìlà. A kò ya àwòrán níbẹ̀.

Ní Ouray, nígbà tí a jẹun tán, ọmọ wa wo inú kámẹ́rà rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, páànù mélòó ni yóò bo ilé Bàbá àgbà?”

A ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré wa kí a tó kúrò nílé: 64, láì ka igi àjà àti owó káfíńtà. Ó ní òun yóò san ìdajì kí ọdún tó parí, òun yóò sì bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ lórí ìyókù. Ìyá rẹ̀ ní kí a kọ ìyẹn pẹ̀lú sílẹ̀, a sì kọ ọ́.