Ìṣirò Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dájà Sílẹ̀ Láàárín Tọkọtaya Yorùbá Ní Texas

Kò sí télọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò kó léèsì oníbàárà lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó wọlé lánàá lọ́wọ́ pé kó máa gé e. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ tú aṣọ, yóò kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán etí aṣọ, yóò jókòó ti ẹ̀rọ, kó tó di pé wọ́n gbé àlùmọ́gàjí fún un. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀pọ̀ òbí ló ń fẹ́ kí ọmọ fo ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó fẹ́ da ilé rú mọ́ tọkọtaya Yorùbá kan lórí nìyẹn ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Bàbá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọbìnrin wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, ilé ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ níwèé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n ń fi ọmọ pamọ́ fún ìjọba o. Láti 1993 ni òfin ti fàyè gba kíkọ́ ọmọ nílé ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà. Ti Texas tiẹ̀ tún rọrùn: ojú ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni òfin fi ń wo irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjọba ò sì ní kí wọ́n mú ọmọ wá ṣe ìdánwò lọ́dọọdún. Òbí ló ń yan ìwé, òbí ló ń ṣètò iṣẹ́, òbí náà ló ń kọ èsì tí yunifásítì yóò wò. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, kò sí tíṣà kankan tí wọ́n máa rí di ẹ̀bi rù.

Ní Nàìjíríà níbí, ẹni tó ń múra ìdánwò WAEC ń kọ́ oríṣiríṣi ìṣirò pọ̀ mọ́ra lọ́dọọdún ni, bí ẹni ń jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú nínú abọ́ kan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń já a sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ̀kọ́ kan fún ọdún kan. Algebra 1 ló ṣáájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá iye tó fara pamọ́. Bí oníṣòwò bá ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́fà, tó san owó ọkọ̀ 3,000 náírà, tí gbogbo owó tó ná sì jẹ́ 15,000 náírà, èló ni kóńgò kan? Ẹni tó bá rò ó tó mú 2,000 náírà jáde ti ṣe Algebra láìmọ̀. Geometry ló sábà ń tẹ̀ lé e, ìyẹn ìlà, igun àti òbìrí. Bíríkìlà tó wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, tó wá rí i pé ìdábùú rẹ̀ jẹ́ márùn-ún gééré, ó mọ̀ pé igun ilé òun gún. Geometry nìyẹn. Algebra 2 tún jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Precalculus ló ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún Calculus, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yára yí padà, bí omi tó ń kún inú táǹkì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rin péré ni ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn, láti kíláàsì 9 títí dé 12. Ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ Algebra 1 ní kíláàsì 8 lè dé Calculus ní kíláàsì 12. Ọmọ tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ 9 ni, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Bàbá fi ìka kà á: Algebra 1, Geometry, Algebra 2, Precalculus, ọdún mẹ́rin ti tán! Ara rẹ̀ ò gbà á, torí ọmọ náà ti ń sọ ọ́ láti kékeré pé iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń kọ́ afárá lòun fẹ́ ṣe.

"Ìyá ọmọ mi, jẹ́ ká fo Algebra 1 yẹn. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti ń ṣe Geometry. Ṣé ọmọ tèmi ló máa kẹ́yìn ni?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ọmọ ọ̀rẹ́ yín kọ́ ló máa bá a ṣe ìdánwò."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ ju ìkíni lọ. Ìyá ò pariwo. Ó mú ìbéèrè mẹ́wàá látinú iṣẹ́ kíláàsì tí ọmọ náà ti kọjá, ó ní kó ṣe é láìlo ẹ̀rọ ìṣirò. Mẹ́rin ló gbà. Wọ́n ní kó yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta kúrò lára ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó kọ 1 sílẹ̀. Ìdá kan nínú méjìlá ló yẹ kó jẹ́. Ohun tí kò tó odidi, wọ́n tún yọ lára rẹ̀, ó wá di odidi! Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ni omijé bá bọ́ lójú ọmọ. "Mo kàn ń há a sórí ni. Tí mo bá ti ṣe ìdánwò tán, ó ti lọ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí inú Dádì bàjẹ́ ni mi ò ṣe sọ."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n fi oṣù méjì sílẹ̀ fún ìdá àti àwọn iye tó kéré sí òdo. Kíláàsì 9 yóò jẹ́ ti Algebra 1 nìkan. Tó bá dúró dáadáa, Geometry àti Algebra 2 yóò jọ rìn pọ̀ ní kíláàsì 10, nítorí orí Algebra 1 ni àwọn méjèèjì dúró lé. Precalculus ní 11, Calculus ní 12. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti dé ibi tí bàbá ń lọ, láìfo ọ̀kankan? Tí Algebra 1 ò bá sì dúró, wọ́n á máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì náà ń kọ́ ẹnjiníà ọdún kìíní ní Calculus.

Ìyá tún wádìí síwájú. Kò sí Calculus nínú ìdánwò SAT tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ní kíláàsì 11. Algebra ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdánwò AP Calculus, oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, èsì rẹ̀ sì wà láti 1 dé 5. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ nílé ní láti tètè wá ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á láyè láti jókòó ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibùsọ̀ á ti kún. Ọmọ tó bá sì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, Statistics lè wúlò fún un ju Calculus lọ. Iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò, kó tó máa ka ọdún padà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí tó wà nílé níbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má kàn bi ọmọ pé kíláàsì wo ló wà. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ lónìí fún yín bí ẹni ń ṣàlàyé ọjà. Tó bá ta kókó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní báyìí, tí bàbá yẹn bá gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ lálẹ́, ó máa ń pe ọmọ lórí fóònù, wọ́n á jọ ṣe ìbéèrè mẹ́wàá. Ọmọ ti ń gba mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wá a.