Iṣẹ́ Tí Kì í Kanlẹ̀kùn

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1954, Dwight Eisenhower, Ààrẹ Amẹ́ríkà, bá àpéjọ àwọn ìjọ Kristẹni àgbáyé sọ̀rọ̀ nílùú Evanston. Ó ní olórí yunifásítì kan tẹ́lẹ̀ rí sọ pé ohun tó jẹ́ kánjúkánjú kì í ṣe pàtàkì, ohun tó ṣe pàtàkì kì í sì í jẹ́ kánjúkánjú.

Òótọ́ tó wúwo ni. Fóònù ń dún, oníbàárà ń kanlẹ̀kùn; àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gba àyè nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ títì ló fi èyí hàn jù nínú ayé Eisenhower fúnra rẹ̀. Ní 1919, nígbà tó ṣì wà nínú iṣẹ́ ológun, ó bá àwọn ọkọ̀ ológun rìn láti Washington lọ sí San Francisco. Ọjọ́ 62 ni wọ́n fi rìn ín, ẹrẹ̀ ń dá ọkọ̀ dúró, afárá ń já. Ogún ọdún kọjá, ogun àgbáyé jà, ọ̀nà ṣì ń dúró. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1956, nílé ìwòsàn Walter Reed tó ti ń gba ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ló tó fọwọ́ sí òfin títì márosẹ̀ tó gùn tó 41,000 máìlì.